Ẹ̀sùn Èwe Tí Wọ́n Fi Kan Lucius Bivens

Ẹjọ́ kan já lu gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ Damson Court, ilé àwọn àgbàlagbà kan ní Cleveland, lọ́sàn-án àná, ẹ̀sùn rẹ̀ sì ṣàjèjì: wọ́n ní Lucius Bivens kò tíì dàgbà tó.

Ìyá Ozella Tharpe, olórí àwọn ayálégbé, ló jókòó ìdájọ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ti ń sùn. Lucius dúró níwájú wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Bí wọ́n bá lé e nílé yìí, kò mọ ibi tí yóò forí lé.

"Earlene Pettway, sọ tẹnu ẹ."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Gbogbo wa la mọ ìdí tí ilé yìí fi wà. Àwọn olówó ló kọ́ ọ, ìjọba sì gé lára owó orí wọn, torí wọ́n ṣèlérí pé àgbàlagbà tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tó ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta, nìkan ni wọ́n máa gbà síbí. Àbúrò mi obìnrin ṣì ń retí yàrá níta. Bọ̀bọ́ yìí sì jókòó sínú yàrá pẹ̀sẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni. A ń ta káàdì lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní, 'Earlene, ṣé o ò fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lè ṣe fún obìnrin bíi tìẹ?'"

Ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń sùn lajú. "Kí lo dá a lóhùn?"

"Mo ní kó ta káàdì ẹ̀."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló lè gba Lucius sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n: ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an, tó ti kọjá ohun tí ilé ń béèrè fíìfíì. Ṣùgbọ́n Earlene ni kò fẹ́ kó gbọ́ ọ.

"Lucius, ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Ìyá. Àmọ́ láti ìbàdí sókè ni mo ń sọ. Orókún mi ti pé méjìlélọ́gọ́ta tipẹ́. Àwọn ló gba yàrá, èmi kàn ń bá wọn gbé ni."

"Mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ wá."

"Ó wà nínú ṣòkòtò mi kejì."

"Lọ mú ṣòkòtò náà wá."

"Ó ti fún mi, Ìyá. Mo ti fi tọrẹ."

Wọ́n pe Cleophus Gaines, tí yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ ti Lucius.

"Àgbà ni," ni Cleophus wí. "Tó bá ń dìde láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ. Ó ń ké bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Lọ́jọ́ Sátidé náà ńkọ́?" ni Earlene bi í.

"Lọ́jọ́ Sátidé ó jó. Iná àjà mi ń mì."

"Àgbà ni àbí ọmọdé?" Ìyá Ozella fẹ́ mọ̀.

"Àgbà ni láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mi ò lè búra."

Ni wọ́n bá pe Delphine, tó ti fìgbà kan jẹ́ ìyàwó Lucius, tó ń gbé nísàlẹ̀.

"Ọmọdé ni," ni Delphine wí. "Mi ò rí i kó fọ abọ́ rí."

"Ọjọ́ orí la bi ẹ́, a ò bi ẹ́ níwà."

"Ọjọ́ orí kẹ̀? Èmi ni mo ṣe kéèkì àádọ́ta ọdún ẹ̀, lọ́dún tí a kọ ara wa sílẹ̀. Ìyẹn sì ti—"

"Delphine, jọ̀ọ́," ni Lucius wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Ìyá Ozella wò ó títí. Ó pe Delphine mọ́ra, ó ní kó sọ ọ́ sí òun létí. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Yàrá ẹ̀ ni," ó ní. "Ó pé, ó tún lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ara ẹ̀ ní ọmọdé, iṣẹ́ ọmọdé là á rán an. Láti òní lọ, Lucius, ìwọ lo máa gbé ẹrù gbogbo wa gun àtẹ̀gùn, torí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ti bàjẹ́, àwọn onílé ò sì dáhùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe, tàbí ọjọ́ tí o bá fi ẹnu ara ẹ pariwo ọjọ́ orí ẹ, lo bọ́."

"Mo ní àpò ọ̀dùnkún kan nínú mọ́tò," ni Earlene wí kíá.

Àjà karùn-ún ni Earlene ń gbé. Lucius rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbé àpò náà sí èjìká. Ní àjà kejì, ẹ̀rín tán. Ní àjà kẹta, ó wọ́ àpò náà mọ́lẹ̀, ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, èémí rẹ̀ ń fọn bí ìkòkò omi gbígbóná.

"Yára ńbẹ̀ yẹn, ọmọkùnrin," ni Earlene wí lókè.

Lucius wo àtẹ̀gùn tó kù. Ó pa ojú dé.

"Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí o," ó pariwo.

Ilẹ̀kùn ń ṣí lókè, ó ń ṣí nísàlẹ̀. "Mo kúkú sọ ọ́," ni Cleophus wí láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Earlene, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, gbọ́ ọ lókè. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì mú igun àpò náà.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé apá kan."

Ó tẹ́ Lucius lọ́rùn kó gbé ọ̀dùnkún náà dé orí òrùlé ju kó gbọ́ "ẹ̀gbọ́n" lẹ́nu obìnrin yìí lọ. Ṣùgbọ́n àjà méjì ṣì kù, ó sì jẹ́ kó gbé apá kan.