Ṣúgà Lọ́fun Bàbá Onígbàǹjo

Yàrá kékeré kan ni, wọ́n fi òjé bo ògiri rẹ̀ kí ìtànṣán má baà jáde. Bàbá Onígbàǹjo, ẹni tó fi ariwo ẹnu lu ọjà ní gbàǹjo títí irun fi funfun lórí rẹ̀, rọ̀gbọ̀kú sórí àga, kúbùsù dé àyà. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n tọ́jú jẹjẹrẹ tó yọ sí i lọ́fun. Òní ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ pátápátá. Dókítà, obìnrin tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ bí a ti ń fi ìtànṣán wá jẹjẹrẹ kiri ara, ṣẹ̀ṣẹ̀ fa abẹ́rẹ́ yọ lápá Bàbá.

"Ó ti parí, Bàbá. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́."

"Jẹjẹrẹ? O ti rí i?" Bàbá dìde fìrì.

"Jẹ́jẹ́ ni mo wí! Ẹ fara balẹ̀. Ìtànṣán ti wà lára yín báyìí."

"Ìtàn? Ọmọ mi, ìtàn tó wà lára mi kò kéré! Lọ́jọ́ tí mo ta bẹ́ẹ̀dì kan, tí ẹni tó ni ín ṣì ń sùn lórí rẹ̀…"

"Ìtànṣán, Bàbá! Ṣúgà ni mo fún yín, a so ìtànṣán mọ́ ọn."

"Ṣúgà! Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ ní kí n má fojú kàn án, ìwọ wá ń fi abẹ́rẹ́ rọ ọ́ sí mi lára?"

Dókítà mí kanlẹ̀. "Wọ̀bìà ni jẹjẹrẹ. Ibi tó bá sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò máa fa ṣúgà sí. Ìtànṣán yẹn dà bí agogo tí a so mọ́ ewúrẹ́ olè lọ́rùn. Ibi tó bá yà sí, a ó gbọ́."

"Ọgbọ́n nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ náà máa ń jẹ ṣúgà. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ọ̀fun yín á gbé e mì, mi ò sì ní mọ olè yàtọ̀ sí onílé. Fún wákàtí kan, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Wákàtí kan! Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò sì gbọdọ̀ kọrin."

"Èmi tí kì í dákẹ́ lójú oorun!"

"Bàbá."

"Mo ti dákẹ́. Wò ó, mo ti dákẹ́. Ṣé o rí bí mo ṣe dákẹ́? Kò sẹ́ni tó ń dákẹ́ tó mi bí mo bá ti…"

Dókítà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí wákàtí pé, wọ́n gbé Bàbá gba inú ẹ̀rọ ayàwòrán kọjá. Dókítà jókòó síwájú àwòrán. Gbogbo ibi yòókù rí bó ṣe yẹ kó rí, àfi ọ̀fun, tó ń tàn yòò bí iná iwájú ọkọ̀. Ó ní kí Bàbá wọlé.

"Bàbá, ọ̀fun yín ń tàn."

"Ó ń tán? Ọ̀fun mi ń tán? Kí ni màá fi jẹun!"

"Kò tán. Ó ń tàn."

"Ó ń tàn mí? Ọ̀fun tí mo fi ọwọ́ ara mi bọ́?"

"Ó ń tàn bí iná! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ sọ̀rọ̀?"

"Èmi? Mi ò la ẹnu rárá. Òkúta ló jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ohùn Dókítà rọlẹ̀. "A jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti padà nìyẹn."

Ilé pa rọ́rọ́. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá máa dákẹ́ nìyẹn.

"Ọmọ mi… mo sọ̀rọ̀ díẹ̀."

"Díẹ̀ ò lè tàn tó báyìí."

"Mo lu àga yẹn ní gbàǹjo."

"Fún ta ni?"

"Kúbùsù ló rà á. Ògiri náà fẹ́ ẹ, àmọ́ kò tètè sọ̀rọ̀."

"Bàbá!"

"Mo wá ta kúbùsù fún ilẹ̀kùn."

"Kí ló dé tí ẹ fi purọ́ fún mi?"

"Ojú ń tì mí." Bàbá wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ló sì ń bà mí. Bí mo bá ti dákẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ jẹjẹrẹ yẹn, pé ó ń padà bọ̀."

Dókítà fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ ta ni kò ní jẹ́wọ́, bí ìjẹ́wọ́ bá jẹ́ ìwòsàn?

"A ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Èmi ni màá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má baà gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Etí nìkan ni kí ẹ gbé wá."

Ọ̀sẹ̀ yí po. Dókítà fún Bàbá lábẹ́rẹ́, ó sá sẹ́yìn pátákó òjé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbí: "Ọjọ́ òjò ni wọ́n bí mi…" Ó ròyìn ilé ìwé tí kò lópin. Ó ròyìn bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ kiri pé onífótò lọmọ òun, àti bí bàbá rẹ̀ ṣe bi í pé ọmọ mélòó ló ti gbẹ̀bí, tó ní kò sí, tí bàbá rẹ̀ ní kó má jẹ́ kó dé etí ará ilé. Ó sọ ti obìnrin àkọ́kọ́ tó rí tí gbogbo iná jẹjẹrẹ kú lára rẹ̀, tí òun dókítà sì sunkún ju ẹni tó ni ara lọ. Omijé tún bọ́ lójú rẹ̀. Nínú ẹbí, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó sọ ọ́ délẹ̀ rí. Ó yọjú wo Bàbá. Orí Bàbá ń mì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì di ojú, bíi ti ẹni tó gba gbogbo ọ̀rọ̀ sínú.

Wọ́n ya àwòrán. Dókítà sáré jáde, ó ń pariwo.

"Bàbá, ó ti tán!"

"Ó tún ń tàn?"

"Ó ti tán! Jẹjẹrẹ ti lọ! Ọ̀fun yín ṣókùnkùn biribiri!"

Bàbá fò sókè, ó jó yí àga ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Dókítà pọ̀n. Dókítà nu ojú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi, Bàbá. Ibo ni ìtàn mi ti dùn mọ́ yín jù?"

"Ibi tí wọ́n ti bí ọ."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Bàbá la ojú sílẹ̀. "Háà! Ó tún kù ni?"