Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Omi

Ẹjọ́ omi dé ààfin Baálẹ̀ Ọládipọ̀ lánàá, ẹrẹ̀ kò sì tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ àwọn tó gbé e wá. Jùbrílù awakọ̀ ló kúnlẹ̀ láàárín. Bó bá jẹ̀bi, ọ̀gá rẹ̀ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, Adépéjú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bọ́ nìyẹn, nítorí baba ọmọ ti búra pé òun kò ní fa ọmọ òun fún ọ̀lẹ. Baba ọmọ náà rèé, ó jókòó síbẹ̀, ó fajú ro.

"Láwàlì," ni Baálẹ̀ wí, "kí ni ọmọ yìí ṣe ọ́?"

Láwàlì, ọ̀gá Jùbrílù, oníṣòwò aṣọ ní Kútọ̀, fò dìde. "Ó ri jíìpù mi sómi, Baálẹ̀! Jíìpù tí mo rà lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà lẹ́yìn ogun Hítílà! Ọkọ̀ tó la ogun Bọ́mà já, omi òjò ọ̀nà Odẹ́dà ló wá pa á!"

"Ṣé o kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba inú omi ni?"

"Mo kọ́ ọ! Mo ní bó o bá bá omi tó dúró lójú ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀, fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀. Bí kò bá jìn, fi sí jíà kékeré, máa rọra lọ, má sáré, má sì dúró. Bó o bá dúró, omi á gba ihò èéfín wọ inú ẹ́ńjìnnì. Mo ní bí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀ bá nawọ́ sí ọ, má dúró!"

"Jùbrílù, ṣé o wọn omi?"

"Mo wọ̀n ọ́n, Baálẹ̀."

"O sáré?"

"Ìgbín lè kọjá lára mi."

"O wá dúró?"

Jùbrílù tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo dúró."

Ariwo sọ. Jagùnnà, ìjòyè Baálẹ̀, na ìka sí i. "Kí ló dá ọ dúró?"

"Àna mi ni."

Gbogbo ojú yí sí Baba Mọ́ṣúdù, olóbì, baba Adépéjú. Ó tún fìlà ṣe.

"Wọ́n wà létí omi," ni Jùbrílù wí. "Mo ti dé àárín gbùngbùn kí ojú wa tó ṣe mẹ́rin. Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n jókòó sókè lórí àga ọkọ̀, kí n wo àna mi nílẹ̀, kí n kọjá fẹẹ? Ta ló máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ? Mo bá tẹ bíréèkì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú omi náà, Baálẹ̀."

"Mọ́ṣúdù, ṣé o rí i bó ṣe ń kí ọ?"

"Fìlà rẹ̀ ni mo rí, ó léfòó. Mo bá dá fìlà lóhùn. Mo ní, 'O káre o. Ilé ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́? Ewúrẹ́ yín, ṣé ó ti bí?' Kò dá mi lóhùn!"

"Omi ló kún ẹnu mi, bàbá!"

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ á gbé e mì, á sì dáhùn."

Baálẹ̀ bojú. "Nígbà tí o ń bi fìlà léèrè ewúrẹ́, kí ni jíìpù ń ṣe?"

"Ó ń ṣe gulu-gulu. Mo rò pé òun ló ń bá a dáhùn ni."

"Ẹ gbọ́!" ni Láwàlì ké. "Ẹ́ńjìnnì mi ló ń pọ̀kàkà ikú!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Mísìsì Beatrice, tíṣà láti Ìbarà, ló wà lórí àga ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.

"Baálẹ̀, orí àga ni mo jókòó sí tí omi fi dé ìbàdí mi."

"Irọ́ ńlá!" Bándélé apẹja ló já lu ọ̀rọ̀. "Omi yẹn kò kọjá kókósẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń ju ìwọ̀."

"Lórí kí lo dúró sí?"

"Lórí òkúta pẹlẹbẹ kan."

"Kò sí òkúta lójú ọ̀nà yẹn."

"Ó wà o, Baálẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ibo ni òkúta ò sí? Ó tiẹ̀ gbóná díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó gbọ̀n rìrì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́."

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù ni!" ni Mísìsì pariwo. "Ìwọ lo ń fi ìwọ̀ kọ́ gèlè mi!"

Láwàlì gbé ọwọ́ lérí. "Ìgbà tó gbọ̀n yẹn ló gbẹ́mìí mì."

Jagùnnà ní kí wọ́n dárí ji ọmọ náà, nítorí àna ẹni ló kí, ìkíni kì í sì í ṣe ọ̀ràn. Ọkàn Jùbrílù fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba Mọ́ṣúdù kò jẹ́.

"Ta ló kí? Kò tíì kí mi o! *Dọ̀bálẹ̀* ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe *dọ̀bómi*. Ṣé àyà rẹ̀ kan ilẹ̀? Ó léfòó ni! Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi ló máa fẹ́ ọmọ mi."

Omijé bọ́ lójú Jùbrílù. Ọkọ̀ lọ nítorí ìkíni, ìkíni náà kò sì wọlé.

Baálẹ̀ fa irùngbọ̀n. "Láwàlì, báwo ni jíìpù ṣe wà báyìí?"

"Ẹrẹ̀ ti fa ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wọlẹ̀ láàárọ̀ yìí, Baálẹ̀. Imú rẹ̀ kan ilẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà lókè."

"Apá ibo ló kọjú sí?"

"Ibi tí Mọ́ṣúdù dúró sí."

"Ó parí." Baálẹ̀ gbá orúnkún. "Ọkọ̀ ló dọ̀bálẹ̀! Imú rẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì tíì dìde títí di ìsinsìnyí, nítorí pé Mọ́ṣúdù kò tíì ní kó dìde. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo dá a lẹ́jọ́: ọkọ̀ ni ọkọ Adépéjú."

"Baálẹ̀! Kí ọmọ mi lọ fẹ́ irin?"

"Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Láwàlì, ìwọ tó o jẹ́ baba ọkọ̀ ti di baba ọkọ. Múra ìdáná."

"Èmi tí mo wá pẹjọ́?"

"Àgbà ló sì ń ní kí àna dìde. Mọ́ṣúdù, lọ ní kó dìde. Bí kò bá gbọ́, kí ìwọ àti Láwàlì fi èjìká tì í dìde. Kí Bándélé bá yín tì í, nítorí ó tẹ ọkọ ìyàwó lórí."

Ìgbà náà ni Adépéjú jáde láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Baálẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò lè dá rìn. Ta ni yóò máa gbé e wálé fún mi?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n wà?"

Jùbrílù rọra nawọ́ sókè.

"Ìwọ ni kó o máa wà á nígbà náà, lọ́sàn-án lóru. Láwàlì kò gbọdọ̀ lé ọ, a kì í lé ẹni tó ń sin ọkọ ìyàwó. Bí Adépéjú bá sì bímọ, tí ọmọ náà kò bá ní táyà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wà nínú omi. Jùbrílù di ọwọ́ ọkọ̀ mú, àwọn baba méjèèjì ń tì í lẹ́yìn, Bándélé ń gbin láàárín wọn.

"Jùbrílù," ni Baba Mọ́ṣúdù ké, "ìyá rẹ ńkọ́?"

"Má dá a lóhùn!" ni Láwàlì bú sí i.

Jùbrílù kò wẹ̀yìn, kò sì tẹ bíréèkì, títí táyà fi gun ilẹ̀ gbígbẹ. Ibẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀, ó na gbalaja síwájú àna rẹ̀, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Baba Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀, ó yẹ abẹ́ àyà rẹ̀ wò dáadáa.

"Ewúrẹ́ yín ńkọ́?"

"Ó ti bí, bàbá."

"Dìde, ọmọ mi."