Ọwọ́ Òsì Tó Júwe Ilé Baba

Ẹjọ́ tó dé ilé Olóyè Ìgbẹ́kẹ̀lé n'Ìrẹmọ lánàá, ọwọ́ òsì ló fà á. Morẹ́nikẹ́, tó ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú ilé wọn, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Bàbá Èṣùbíyì, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló pè é. Bàbá ní kó kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdánwò àwọn ọmọ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ó fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ogún ọmọ sì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e."

Àwọn ìjòyè mirí. Èèwọ̀ ni, ta ni kò mọ̀?

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. "This àti that ni mo ń kọ́ wọn, sà. Mo fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì, mo ní this is a bench. Mo nawọ́ sí ilé lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní that is my father's house. Ṣọ́ọ̀kì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi."

"O ò lè jù ú sílẹ̀?" ni Bàbá bi í.

"Yóò fọ́, sà. Ẹyọ kan ló kù."

Adéagbo, aládùúgbò wọn, jẹ́rìí pé ọwọ́ òsì ni. Olóyè bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní àwọn kojú síra ni, ọwọ́ tó wà lápá òsì òun ló nà. Comfort, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, búra pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Wọ́n ní Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ òsì. Comfort ní ẹ̀rù ló ń bà á, kò mọ ohun tó ń sọ.

Inú bí Bàbá, ó dìde. "Olóyè, ilé náà nìyẹn, ilé baba wa tí mo fi òógùn tún kọ́!" Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé.

Olóyè tẹjú mọ́ ọwọ́ náà.

"Bàbá, ọwọ́ wo lẹ nà yẹn?"

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀pá ló wà lọ́tùn-ún."

"Ẹ ò lè jù ú sílẹ̀?"

"Màá ṣubú ni."

Olóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, títí ìdánwò yóò fi parí, Bàbá ni yóò máa bá Morẹ́nikẹ́ di ṣọ́ọ̀kì mú. Bí Bàbá bá sì fẹ́ júwe ohunkóhun, Morẹ́nikẹ́ ni yóò gba ọ̀pá.

Lónìí, Bàbá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú kí àwọn ọmọ tó dé. Ẹ̀kọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí Morẹ́nikẹ́ bá ti fẹ́ kọ nǹkan sójú pátákó, àfi kó kúnlẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Bàbá.