Ṣọ́ọ̀kì Pupa tó Fẹ́ẹ̀ Wó Abúlé

Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi dá, kò ní tán lọ́kàn mi títí ayé. Tíṣà kíláàsì kejì ni mí nígbà náà, ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, kò jìnnà sí Ore. Ìwé kíkà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò sí irú mi ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo.

Ohun kan ló ń dùn mí. Àwọn ọmọ yìí ń ka ọ̀rọ̀ geere lára pátákó, àmọ́ bí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì, ó parí. Mo bá dá ọgbọ́n kan lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ kọ orúkọ nǹkan sára nǹkan náà nílé: “ilé” sára ilé, “ògiri” sára ògiri, kí ojú wọn lè máa rí i níbi tí wọ́n bá ti ń ṣeré. Ṣọ́ọ̀kì funfun ti tán, pupa nìkan ló kù nínú páálí, mo bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Ẹnu èmi yìí náà ni mo fi sọ fún wọn pé bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, yóò hàn ketekete, kò sì ní tètè pa rẹ́. Mo wá wọ mọ́tò, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ore.

Mo gbàgbé pé àwa ará ẹ̀bá ọ̀nà kì í fi àmì pupa ṣeré. Bí ìjọba bá fẹ́ fẹ ọ̀nà, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀.

Nígbà tí mo fi máa padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ìpàdé ti kún iwájú ilé àdúrà. Mi ò tíì bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tán tí Bàbá Dẹ́rẹ́bà, awakọ̀ àtijọ́ tó máa ń ka ìwé fún gbogbo abúlé, fi figbe ta.

“Tíṣà, o ti dé! Ìjọba ti dé bá wa o!”

Mo wo ògiri ilé Wòlíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. ILÉ ló wà níbẹ̀, lẹ́tà L inú rẹ̀ kọjú sódì. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń kọ L báyẹn ní kíláàsì mi, Bọ́sẹ̀ ni.

“Bàbá, ṣé ẹ ka ohun tí wọ́n kọ ṣá?”

“Mo kà á! Ilé ni wọ́n kọ sára ilé, ògiri ni wọ́n kọ sára ògiri. Ta ni ò mọ̀ pé ilé ni? Ẹni tó fẹ́ ka iye tó máa wó ló ń kọ irú ẹ̀!”

Gbogbo ènìyàn ní òótọ́ ni. Àwọn ọmọ tó kọ ọ́ rí i pé àwọn àgbà ń sunkún, wọ́n pa ẹnu mọ́. Kí èmi tó la ẹnu tèmi, wọ́n ti fi bírò sí mi lọ́wọ́ pé tíṣà ni yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Ẹ má bínú sí mi, mo kọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwé náà dùn débi pé nígbà tí mo kà á sókè, omi bọ́ lójú èmi gan-an. Wòlíì wá ní kí gbogbo wa gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pariwo “Àmín!” Èmi náà rọra ṣe tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, tebitebi ni mo ń ti ilé ìwé bọ̀ tí mo rí káfíńtà méjì lórí òrùlé ilé tí mò ń gbé. Màmá onílé mi dúró nísàlẹ̀, ó ń gba páànù lọ́wọ́ wọn. Òjò sì ti ṣú dúdú.

“Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mò ń já páànù mi kí kátápílà tó rún un. Owó kòkó mi ni mo fi kọ́ ulé yìí, Tíṣà. Mi ò fẹ́ wà níbẹ̀ wò ó.”

“Ulé” ni Màmá ń pe ilé ní èdè tiwọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì kórìíra ara mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn pé jọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá Dẹ́rẹ́bà sọ.

“Àná lo kọ ẹ̀bẹ̀, lónìí o ní ìwọ ni. Ìjọba ti fi owó dí ọ lẹ́nu!”

Wọn ò gbà mí gbọ́. Bí mo ṣe ń ké tó ni wọ́n ń ká mi mọ́ tó. Mo bá ní kí wọ́n pe Bọ́sẹ̀ wá. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó kọ “ilé.” Ó kọ ọ́, L kọjú sódì, ló bá fi ayọ̀ nàka sí ògiri Màmá.

“Èmi náà ni mo kọ tibẹ̀ yẹn, sà! Àti ti ilé Wòlíì!”

Wòlíì mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run gbọ́ àdúrà,” ló ní.

Wọn ò nà mí, àmọ́ èmi ni mo gun òrùlé lọ bá àwọn káfíńtà kan páànù padà kí òjò tó dé, àtàǹpàkò mi sì jẹ òòlù lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti àwọn ọmọ mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, a ń fọ ògiri láti ilé dé ilé. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó di ọ̀nà mọ́ wa.

“Ẹ má fọ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbénú ulé yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rí.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun lòun ṣáná, kó tètè pariwo, kó má dúró máa bá wọn pọn omi. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, àfi ìgbà tí Màmá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

“Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ilẹ̀kùn?”

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, ojú sì tún tì mí. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń gbé ilé obìnrin yìí, tí mò ń pe ara mi ní tíṣà, mi ò bi í léèrè rí bóyá òun náà fẹ́ mọ̀wé kà.