Ojú Ara Pákó

Ọjọ́ kan wà tí kò jẹ́ kí n gbàgbé òun, bẹ́ẹ̀ ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju ṣíbí lọ. Mo fẹ́ bu ọbẹ̀, mo mú ṣíbí onígi mi, mo sì rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú bíi kóró iṣin.

"Ta ló fi tàdáwà ba ṣíbí mi jẹ́?"

Ìyàwó mi kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Èmi ni. Òun ni mo fi ń ra ẹ̀yìn bébà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹun, Bàbá Dúpẹ́."

"Ṣé tàdáwà ni èèyàn ń jẹ ni?"

"Ẹ ó jẹ àǹfààní rẹ̀ láìpẹ́."

Mo fi ìbínú ju ṣíbí náà sínú sínkì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ pàjáwìrì wá gbé ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn. Èmi nìkan ni mo padà wálé. Ṣíbí náà ṣì wà nínú sínkì.

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi ti kó sínú ìfẹ́ àwòrán tí àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ máa ń tẹ̀ sórí bébà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kọ́ ọ, nínú yàrá kékeré tó wà lókè nílé wa ní Crumpsall nílẹ̀ Òyìnbó níbí. Àwọn ilé ìkàwé kan lókè òkun ti kó àwọn àwòrán náà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ọkọ̀ ojú omi, ìlú tó ń jóná, àwọn ọlọ́lá tó dé fìlà gogoro. Èèyàn lè fa àwòrán kan súnmọ́ra títí yóò fi rí gbogbo ìlà tí ọ̀bẹ là. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú lórí bí wọ́n ṣe ń fín pákó àti bàbà, fídíò sì wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ kàwé.

"Kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú ń wá láàrin àwọn òkú Amẹ́ríkà?" Bí mo ṣe máa ń bi í nìyẹn.

"Ọwọ́ tó fín in ni mò ń wá. Orúkọ ẹni tó tà á ló máa ń wà nísàlẹ̀. Ẹni tó fín in kì í sábà lórúkọ."

Èmi a rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ohun tí kò bá ti ní ìdáhùn, n kì í tọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Dúpẹ́ ọmọ wa pè mí láti Lọ́ńdọ̀n pé kí n bá òun wá fọ́tò ìyá òun nínú kọ̀ǹpútà náà. Mo wọ yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òjò ń rọ̀, ojú ọjọ́ ṣú. Mo ṣí kọ̀ǹpútà.

Ojú kan ṣoṣo ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe fọ́tò. Ìlà tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀, wọ́n yí ẹyinjú náà ká bí omi kànga ṣe máa ń ṣe nígbà tí òkò bá já sí i. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo tún ṣí i. Ojú náà ṣì ń wò mí. Mo fa gèlè ìyàwó mi tó wà lórí àga, mo fi bò ó bẹ́ẹ̀ láìpa á dé, mo sì ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ẹsẹ̀ mi kọ àpótí kan, pákó pẹlẹbẹ kan sì já bọ́ láti inú rẹ̀, ó tóbi tó Bíbélì ńlá.

Ojú ọkùnrin kan ni wọ́n fín sára rẹ̀. Ó dé fìlà gogoro, ó la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ ẹnìkan. Ìlà kan náà ló yí ẹyinjú òun náà ká. Lẹ́tà wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dá A mọ̀, mo dá D kan mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kẹ̀yìn sí mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá wọlé, ìwé a bọ́ síta. Ta ni obìnrin yìí ń kọ̀wé sí? Ṣé ẹni náà ló pè é lọ ni? Ogójì ọdún ni a fi jọ gbé. Ohun tó bà mí lẹ́rù ju pákó náà lọ ni pé bóyá n kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo pe ṣọ́ọ̀ṣì.

Dìkónẹ́ẹ̀sì wa wọ bọ́ọ̀sì méjì láti Longsight ní òdìkejì ìlú, òjò sì pa á. Ó mú ìgò òróró lọ́wọ́, Bùrọ̀dá Ṣọjí tí kò tíì pẹ́ tó dé láti Èkó sì tẹ̀lé e.

"Dádì, ẹ kú ìrójú. Níbo ló wà?"

Mo nawọ́ sí i. Dìkónẹ́ẹ̀sì da òróró sí i títí ìgò fi dé ìdajì. A gbàdúrà. Ṣọjí la ojú kan.

"Dádì, abeg, this man dey look me o."

"Má wò ó lójú!" ni Dìkónẹ́ẹ̀sì jágbe. "Ẹ bá wa wá ìṣáná. Iná ló kù."

Èmi, pẹ̀lú ìwé tí mo kà, mo lọ mú ìṣáná wá. Mo tún sọ fún wọn pé agolo ńlá tí a fi ń yan ẹja wà ní àgbàlá, pé òjò kò dé ibẹ̀. Ṣọjí gbé pákó náà sí abíyá. Bó ṣe yí padà, ìgúnpá rẹ̀ gún kọ̀ǹpútà.

Lábẹ́ gèlè ìyàwó mi, ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó, jẹ́jẹ́ bí arúgbó: "Ó yá, ẹ yí i padà."

Ẹsẹ̀ Ṣọjí ti wà lórí àtẹ̀gùn. Dìkónẹ́ẹ̀sì tó ń jágbe lẹ́ẹ̀kan ti wà lẹ́yìn mi. Èmi náà ń wá ẹni tí n ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Gèlè náà yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Fídíò ẹ̀kọ́ ni ìgúnpá Ṣọjí tẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ojú tí ìyàwó mi ti fà súnmọ́ra. Bàbá òyìnbó kan tó wọ épírọ́ọ̀nù ń fi pákó tó fín hàn wá. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kẹ̀yìn sí wa. Ó ní ohun tí èèyàn bá fẹ́ tẹ̀, òdì ló gbọ́dọ̀ fín in. Ó tẹ́ bébà lé e, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi ra á, ó ká a kúrò, àwọn lẹ́tà náà sì kọjú sí wa.

Nígbà tí mo rí ṣíbí yẹn, mo jókòó sílẹ̀.

Dìkónẹ́ẹ̀sì yíjú sí àtẹ̀gùn. "Ṣọjí, padà wá. Gbé e síwájú dígí wọ́ọ̀dúróòbù."

A kà á nínú dígí: BÀBÁ DÚPẸ́, ẸNI ÀÁDỌ́RIN ỌDÚN. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìbí mi. Ṣọjí wo èjí ọkùnrin inú dígí, ó wo èjí tèmi.

"Ah! Dádì, na you be this!"

Ojú tí a ti ń bá jà láti ọ̀sán, tí a fẹ́ lọ dáná sun lágbàlá, ojú onílé ni. Ìyàwó mi kàn dé e ní fìlà Amẹ́ríkà ni.

"Dádì," ni Dìkónẹ́ẹ̀sì wí, ó ń fi ìborùn nu pákó, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Òróró yẹn ńkọ́?"

"Ẹ kà á sí ìbùkún ọjọ́ ìbí."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pé àádọ́rin, n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Mo fi tàdáwà kun pákó. Bébà àkọ́kọ́ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ní imú méjì. Mo tẹ́ òmíràn, mo mú ṣíbí mi, mo ra ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ká a kúrò.

Èmi ni. Òróró Dìkónẹ́ẹ̀sì kò jẹ́ kí tàdáwà mú dáadáa, ó ti fi àmì funfun sí mi níwájú orí. D kan wà tí ìyàwó mi gbàgbé láti yí, òun nìkan ló wá kẹ̀yìn sí mi báyìí. Lẹ́bàá etí, ọ̀bẹ ti yọ̀, ó fa ìlà kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo fa bébà náà súnmọ́ ojú bí òun ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ tó fín in nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, títí ó fi fẹ́ di nǹkan mìíràn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n yí ìbéèrè padà wò kí wọ́n tó sọ pé kò ní ìdáhùn, síbẹ̀ èmi fúnra mi lọ ń wá ìṣáná.

Lẹ́yìn náà mo fọ ṣíbí. Tàdáwà náà kò lọ tán. Mo fi bu ọbẹ̀, mo sì jẹun.