Mákánjú Tó Ń Sáfísì Etí ní Gberefu

Bí wọ́n bá ń ta ìgbéraga lọ́jà, Mákánjú nìkan ì bá tà á kárí gbogbo Àgbádárìgì, tiẹ̀ á sì tún ṣẹ́kù sílé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà ní Gberefu. Ìyẹn kò tó fún ọ̀gá. Lóṣù tó kọjá, ó kọ ọ́ sára pátákó pé: ỌBA ONÍṢẸ́ ETÍ, A-GBỌ́-KÍ-WỌ́N-TÓ-SỌ.

Bí a bá fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹnì kan, ká di í ru Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi. Òun ló wá láti Ibereko, tó ṣàlàyé fún wa pé àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín wà nínú etí lọ́hùn-ún. Purotéènì kan wà lára wọn tó ń nà, tó ń súnkì, bí ẹ́ńjìnnì kékeré. Òun ló ń gbé ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sókè kí a lè gbọ́ ọ. Ó ní ariwo ló ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, èyí tó bá sì ti kú kì í hù mọ́.

Mákánjú mú “ẹ́ńjìnnì” níbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́n.

Ló bá po òróró àgbọn mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó sọ ọ́ di oògùn etí. “Ẹ́ńjìnnì tí kò bá mu ọ́ìlì, nínọ́kì ni!” Ẹja, àgbọn, adìyẹ, kò sí ohun tí kò gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń wá sáfísì etí.

Lọ́sàn-án Sátidé, Leah mú ọmọ rẹ̀, Sewanu, wá. Etí òsì ọmọbìnrin náà ti di láti kékeré. Ti ọ̀tún nìkan ló fi ń gbọ́ràn. Leah gbé agbọ̀n ẹja ọ̀bọ̀kún sílẹ̀ sẹ́yìn ọ̀gá, níbi tí ẹrù àwọn yòókù wà. Gbogbo àwa tí à ń dúró de ọkọ̀ súnmọ́ ibẹ̀.

“Etí méjèèjì la ó rọ ọ́ sí,” ni Mákánjú wí.

“Èyí tó dáa ńkọ́, ọ̀gá?” Leah pariwo. Ariwo ni wọ́n fi ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ńlá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

“Ìyá Sewanu, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, ṣé ọ̀kan la máa ń sáfísì?”

“Mawu, Ọlọ́run mi! Òun nìkan ló kù fún un o!”

Ọ̀gá ti ṣí ìgò. 

“Èmi tí mò ń rọ ọ́ sétí láràárọ̀ ńkọ́? Bí edé bá ń rìn nísàlẹ̀ ọ̀sà, mò ń gbọ́!”

Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ni. Ó dúró sẹ́yìn Mákánjú, kò sì gbé ohùn sókè.

“Ẹni tó bá fún Mákánjú ní nǹkan, kó wá mú un.”

Gbogbo wa gbọ́. Ọ̀gá ò tilẹ̀ mira.

“Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe dákẹ́? Ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n lára!”

Leah gbé agbọ̀n rẹ̀. Dosu, ọ̀kan nínú àwọn tó wá sáfísì etí, fa adìyẹ tirẹ̀ lápá, adìyẹ figbe ta bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ọ̀gá ṣì ń ròyìn edé. Àgbọn lọ, ẹja lọ, ẹ̀rín ń gbọ̀n wá jìgìjìgì. Nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, yanrìn nìkan ló bá.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kó o?”

“Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀gá!” Sewanu fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe. “Ẹ̀yìn yín níbẹ̀ ló ti sọ ọ́. Etí kan ni mo ní, mo sì gbọ́ ọ.”