Kílímà Ló Wó Ààrò Ìyá Bernadette

"Òjò ni!"

"Kì í ṣòjò, kílímà ni!"

"Augustin, mo ní òjò ni! Omi orí òrùlé ẹ ni!"

"Ìyá Bernadette, ẹ ò dé ẹ́kọ́ọ̀lù rí, ẹ ò kàwé. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó débẹ̀ sọ̀rọ̀."

Bí ẹjọ́ kan ṣe wọ ààfin Baálẹ̀ Oyèkànmí ní Akron lánàá nìyẹn. Wọn ò tíì kí Baálẹ̀ tán tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ya mọ́ra wọn lẹ́nu.

Ìyá Bernadette kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹja ni mo ń yan. Láti ọjọ́ tí Augustin aládùúgbò mi ti kan páànù tuntun, ọgbà mi ni gbogbo omi ẹ̀ ń dà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ààrò mi ti wó lójò ọdún yìí. Ààrò yẹn ló ń bọ́ èmi àtọmọ mẹ́rin!"

Augustin rẹ́rìn-ín músẹ́. Kíláàsì kẹta ló ti sá kúrò lẹ́kọ́ọ̀lù, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù sí i lórí, ó gbà pé yóò máa jà fún òun títí ayé.

"Bàbá, èmi kọ́. Kílímà ni."

"Ọmọ ilé ta ni Kílímà?"

"Kì í ṣèèyàn, Bàbá. Òjò, oòrùn, ọyẹ́, atẹ́gùn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe sílùú lọ́dọọdún, òun ló ń jẹ́ kílímà."

Ọ̀tún fò dìde. "Wọ́n tún pé mẹ́rin! Ẹ lọ mú wọn wá!"

"Wọn ò ṣeé mú, Bàbá Ọ̀tún. Ọjọ́ tí Dahomey gbòmìnira làwọn náà gba tiwọn."

Wọ́n pe Soumanou tó kan òrùlé. Baálẹ̀ bi í:

"Báwo lòrùlé náà ṣe rí?"

"Pẹrẹsẹ ni, Bàbá. Kò fì síbì kankan."

"O gùn ún wò?"

"Mo gùn ún! Ẹsẹ̀ mi kàn yọ̀ báyìí, gẹ̀rẹ́rẹ́, inú ààrò Ìyá Bernadette ni mo bá ara mi."

"Ìwọ lo wó ààrò?!"

"Ìkejì nìyẹn, Bàbá. Ìkíní àtìkẹta, omi ni."

Augustin wò ó bí ẹní wo ajá tó gé e jẹ. Ó yára pe Mẹ́tìrì Hilaire, olùkọ́ ẹ̀ àtijọ́.

"Mẹ́tìrì, mo parọ́?"

"O ò parọ́. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bí ilẹ̀ ayé ṣe fì sí oòrùn ló ń mú ibì kan gbóná, tíbòmíì tutù. Lédè tiwọn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ kílímà. Àwọn Faransé tún ń pe bí inú ilé ṣe rí láàárín tọkọtaya ní kílímà."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé ọyẹ́ ti ń fẹ́ nílé mi láti ìjẹta."

Augustin pariwo: "Ẹ gbọ́! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Mo jàre!"

"Sùúrù. Òrùlé ta ló dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ta ló ní kí Soumanou fì í sọ́dọ̀ ìyá yìí?"

"Èmi... èmi náà ni."

"O káre. Ìwọ lo bí kílímà. A kì í kọ ọmọ ẹni. Kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìwọ àti Soumanou ẹ yí òrùlé yẹn padà, kómi ẹ̀ máa dà sẹ́nu ọ̀nà yàrá tìẹ. O máa wa amọ̀, o máa fọwọ́ ara ẹ mọ ààrò tuntun. Títí tó fi máa gbẹ, inú pálọ̀ ẹ ni Ìyá Bernadette á ti máa yan ẹja."

"Pálọ̀ mi kẹ̀? Bàbá, èéfín ńkọ́?"

"Kílímà ni."

Ìrọ̀lẹ́, wọ́n rí Augustin tó gbé apẹ̀rẹ̀ amọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà Avrankou. Apẹ̀rẹ̀ ti fì sápá kan, ẹrẹ̀ ń ṣàn gba èjìká ẹ̀ wọ inú ẹ̀wù.

"Augustin, báwo lẹjọ́?"

"Mo jàre mọ̀nà! Gbogbo ààfin ló gbà pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni!"